Eré òjìji fún àlọ́ Ìjàpá: ibi tí iṣẹ́ dé

Fírémù eré ti dúró: àwọn èèyàn á wà níwájú rẹ̀, iná àti àwọn ère páálí á wà lẹ́yìn, kí òjìji àwọn ère lè hàn lórí aṣọ. Aṣọ funfun orí rẹ̀ fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó ga ní 80, mo sì fà á le dáadáa, torí òjìji máa ń wọ́ lórí aṣọ tó bá dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló gba àkókò mi jù. Gílóòbù kékeré kan ṣoṣo ni mo fi sí i. Bí ojú iná bá ṣe kéré tó ni etí òjìji ṣe ń mú tó. Iná tó fẹ̀ a máa sọ ọ́ di bàìbàì, gílóòbù méjì a sì máa sọ Ìjàpá kan di méjì. 150 sẹ̀ǹtímítà ni iná fi jìnnà sí aṣọ. Ìjàpá tí mo gé ga ní 20. Bó bá fara kan aṣọ, òjìji rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fà á sẹ́yìn dé ìdajì ọ̀nà, ó di 40. Bó bá ku 50 kó dé ìdí iná, ó di 60. Ibi tí adùn iṣẹ́ yìí wà fún mi nìyẹn. Nígbà tí Ìjàpá bá ń fọ́nnu láàárín àwọn ẹyẹ, n kò sọ pé ó ń wú: ó ń wú lójú gbogbo wọn.

Páálí dúdú ni mo fi gé Ìjàpá, ẹ̀gbẹ́ ló sì kọ sí wa, torí òjìji ẹni tó bá kọjú síni gan-an kì í ní imú, kì í ní ẹnu. Òwú tí mo ta kókó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló so ẹsẹ̀ mọ́ ara. Ìyẹ́ tí àwọn ẹyẹ yá a, ọ̀rá pupa tó mọ́ gaara ni mo fi ṣe é, kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ará Tọ́kì ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: awọ ràkúnmí tí wọ́n fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ère Karagöz, eré òjìji tiwọn.

Ní Java, ní orílẹ̀-èdè Indonesia, dalang (òṣèré àgbà) kan ṣoṣo ló ń sọ ìtàn wayang, eré òjìji ti ibẹ̀, òun náà ló ń gbé àwọn ère awọ ẹfọ̀n lọ́wọ́. Àwa méjì ni tiwa: èmi wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn. Kò rí mi, etí ló fi ń bá mi lọ, nítorí náà orin àlọ́ la fi ṣe àmì. Bí mo bá ti dá a, tí àwọn èèyàn ń gbè é, ló ń pààrọ̀ àwọn ère.

Ohun tí mo ń ṣọ́ jù ni kí òjìji má tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Bí mo bá ti ní "ó ń já bọ̀", kí ni wọ́n tún fẹ́ wò? Níbi tí àwọn ẹyẹ ti gba ìyẹ́ wọn, mo panu mọ́ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi á mú Ìjàpá láti ìdí iná, á máa sún un bọ̀ níbi aṣọ, òjìji á máa kéré, á máa mú sí i, títí yóò fi kanlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fírémù. Ẹ̀yìn náà ni mo tó lanu.

Ó ku igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tó fọ́. Mo ti gé e sí wẹ́wẹ́, òwú kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gba inú gbogbo rẹ̀: bí a bá dẹ̀ ẹ́, wọ́n á tú ká, bí a bá fà á, wọ́n á padà so pọ̀. Òwú ìránṣọ ń há sí ojú ihò. Okùn ìpẹja ni mo máa dán wò báyìí.