Ẹ jẹ́ ká fi chart sílẹ̀ ná: ọ̀rọ̀ nípa tense Òyìnbó

Lójú tèmi o, kì í ṣe àwọn irregular verb, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí kì í fi -ed sọ ohun tó ti kọjá, tí wọ́n máa ń ní ká há sórí yẹn ló ń dà wá láàmú jù nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á lẹ chart gbọọrọ mọ́ ògiri kíláàsì, go went gone, eat ate eaten, àwọn ọmọ á máa kà á bí ẹní ń ki oríkì, wọ́n á tiẹ̀ gba gbogbo ẹ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tó dé géètì ẹ ti gbọ́ "Did you went there?" Ọmọ yẹn mọ went o! Ibi tó yẹ kó ti lò ó ni ò mọ̀.

Èdè tiwa kì í fọwọ́ kan verb rárá. Mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ, mo máa ń lọ, "lọ" yẹn wà bó ṣe wà, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké iwájú ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òyìnbó náà ní kéékèèké tiẹ̀, will, have, did, àmọ́ ó tún máa ń yí verb fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti did ò le: did ti gbé past tense, ìyẹn àmì pé nǹkan ti kọjá, verb tó tẹ̀ lé e ò gbọdọ̀ gbé e mọ́. Did you go. I didn't eat. Kò sí "didn't ate" níbì kankan.

Èyí tó wá lágbára, tí àwọn tó ti jáde yunifásítì pàápàá ń sọ, ni "I have seen him yesterday." Ẹ wo Yorùbá ẹ̀ ná, "Mo ti rí i lánàá", kò sóhun tó ṣe é, ó dán mọ́rán. "Ti" wa ò kọ àná, kò kọ èṣí, kò kọ ọdún 1960. Have ti Òyìnbó ló kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá pátápátá, yálà àná ni o, tàbí Mọ́ńdè tó lọ, tàbí 2019, kí have yáa kúrò níbẹ̀: I saw him yesterday. Àmọ́ tẹ́ ò bá dárúkọ ìgbà, tàbí ìgbà ọ̀hún ò tíì parí, ó lè wọlé: I have seen him today. "Ti" kan náà yẹn la tún fi ń ṣe had, "kí n tó dé, wọ́n ti jẹun", they had eaten before I came, ìdí nìyẹn tí have àti had fi ń rú èèyàn lójú, torí ọ̀kan ṣoṣo la ní. Had máa ń fẹ́ nǹkan méjì tó ti kọjá, kí ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ẹ ẹ̀ rí "I am hearing you" tá a máa ń sọ lórí fóònù náà, "mò ń gbọ́ yín" ló wà nídìí ẹ̀, Òyìnbó á ní I can hear you.

Irregular wá ńkọ́? Wọ́n tó bí igba (200) tí wọ́n ṣì ń lò déédéé, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn verb tí Òyìnbó ń lò jù, be, have, do, say, go, make, take, come, see, get: irregular ni gbogbo wọn! Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, verb tó ń yí fáwẹ̀lì inú ẹ̀ padà pọ̀ gan-an, irú sing sang sung, nígbà tó yá -ed borí, verb tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ń lò, ẹnu gbàgbé tiẹ̀, ó di regular. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì King James (1611) á rí "holpen" ní Lúùkù 1:54, help náà nìyẹn, lónìí helped ni. Àwọn tó ń jáde lẹ́nu lójoojúmọ́ ni -ed ò rí mú. Went gan-an kì í ṣe ọmọ go, ọ̀dọ̀ wend, verb mìíràn tó túmọ̀ sí lọ, ni wọ́n ti gbé e wá. Verb tuntun tó bá sì dé, -ed ni wọ́n máa ń fún un, googled, texted, downloaded.

Torí náà ẹ má há a láti A dé Z. Ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀: cut, put, hit, shut ò yí rárá, bring, buy, think, teach ń di brought, bought, thought, taught. Ẹ ṣọ́ read ṣá, sípẹ́lì ẹ̀ ò yí, ìpè ẹ̀ ló ń yí, ó ń di "rẹ́ẹ̀d".

Ti lie àti lay nìkan ni mi ò fẹ́ fà lónìí, torí past tense lie, ìyẹn kéèyàn dùbúlẹ̀, lay ni, lay fúnra ẹ̀, ìyẹn kéèyàn gbé nǹkan kalẹ̀, tún wá ní laid tiẹ̀. Àwọn Òyìnbó gan-an ń ṣì í lò.