Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ

Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Àná ni mo dé. Ẹsẹ̀ ti sinmi, inú ni ò tíì sinmi.

Gbólóhùn kan ló fà á. Ìyá àgbà kan ló sọ ọ́ ní Ìfọ̀nyìn, ní òdìkejì Ìdíìrókò, nínú ilẹ̀ Benin. Ẹ̀yìn ilé wọn la wà, mo ń da nọ́ńbà ojú GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, kọ sínú ìwé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lò ń kọ?" Mo ní, "Ìyá, ibi tí orógbó ti lè hù là ń wá." Wọ́n wò mí, wọ́n wo igi náà, wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ ló ń hù." Wọ́n bá padà sídìí ata tí wọ́n ń ṣà.

Ó parí. Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni ń pòwe. Bí ẹni ń sọ pé omi ti hó ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lójú ẹsẹ̀, mo sọ nínú ara mi pé ìyá ò mọ̀ ni. Orógbó ní ibi tó gbà á. Igi igbó òjò ni. Kí wọ́n fẹ́ ẹ títí ní Sókótó, kí wọ́n máa fi omi ojú bomi rin ín, kò ní di igi. Orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ kúkú mọ̀ ọ́n: a ó kó àwọn ibi tí a ti rí igi fún kọ̀ǹpútà, a ó fún un ní oríṣi ìṣirò 19 nípa òjò àti ooru, òun á wá fi àwọn ibi wa wé 10,000 ibi mìíràn tó ṣà káàkiri. Gbogbo ilẹ̀ tó tó kìlómítà kan níbùú lóròó ló máa fún ní nọ́ńbà, láti 0 dé 1, bí ibẹ̀ bá ṣe lè gba igi náà tó. Ibi tó bá sún mọ́ 1, a ó kùn ún ní pupa. Tí mo bá ti rí pupa yẹn, inú mi a dùn.

Ẹnubodè ni inú mi ti yí padà. Wọ́n ń yẹ ìwé wa wò, èmi náà ṣí ìwé tèmi. Igi 14 la rí lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ilé, ẹ̀bá kànga, ẹ̀gbẹ́ ojúbọ, ẹ̀yìn ilé, ẹ̀yìn ilé. Kò sí ẹyọ kan tó wá láti inú igbó. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu ní Benin sí, èyí tó jáde ní 2011, ti kà á mọ́ àwọn tí igbó ò ní mọ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló kù sí. Àmọ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n nínú ìwé yàtọ̀ sí kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ẹ̀yìn ilé" títí tí ọwọ́ á fi máa ro ó.

Kí wá ni mo ń kọ́ kọ̀ǹpútà? Mo ní mo ń kọ́ ọ ní ibi tí igi fẹ́. Ibi táwọn èèyàn fẹ́ igi sí ni mò ń kọ́ ọ.

Àwọn ewé gbígbẹ àtijọ́ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọ́n ti já wọn, náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣa wọ́n nígbà náà, ibi tí ọkọ̀ bá ti lè dé ni wọ́n máa ń já sí. Tí o bá to ibi wọn sórí máàpù, títì lo máa rí, o ò ní rí igbó.

Àní Ìdíìrókò fúnra rẹ̀. Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Ìdí-Ayùnrẹ́ ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Ẹnì kan rí igi kan níbẹ̀, ó jọ ọ́ lójú débi tó fi sọ ìlú. Àkọsílẹ̀ ibi tí igi wà lèyí náà, nọ́ńbà ni kò ní. Mi ò mọ ìdí tí èyí fi ń pa mí lẹ́kún.

(Iná ò sí látàárọ̀. Ọ̀gá pè nípa ìjábọ̀, mo ní ó di ọ̀la. Ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì.)

Ṣùgbọ́n igi kẹsàn-án ńkọ́? Wọ́n ti wú gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan fún pákò. Oje rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ti gbẹ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, èèrà ń tọ̀ ọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń gbẹ. Ṣé àwọn tó wú u ò fẹ́ ẹ ni? Wọ́n fẹ́ ẹ gan-an! Tí kì í bá ṣe pé wọ́n fẹ́ ẹ, ta ni ì bá yọ ọkọ́ sí i? Ìyá, fífẹ́ wo lẹ̀ ń sọ?

Gbogbo ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń jẹ ẹ́. A ó gbé e sókè, a ó ní orógbó ní í gbó ni sáyé, a ó ṣe àmín. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ya máàpù rẹ̀, mi ò gbin ẹyọ kan rí. Ó ń pẹ́ ni mo máa ń wí. Èso rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kó tó yọ orí, igi náà á sì lò tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Baba ọkọ ìyá yẹn ló gbin tiwọn, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọkọ wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rì ibi ọmọ sí. Ọkọ ti lọ. Igi ṣì ń so.

Síbẹ̀, mi ò ní ju máàpù nù. Ilẹ̀ tó ń gbẹ ń gbẹ, òjò tó ń sá ń sá. Ẹni tó bá fẹ́ igi tó sì gbìn ín síbi tí kò ní gbà á, ìbànújẹ́ ló gbìn. Máàpù lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ohun tí mo gbọ́dọ̀ máa béèrè ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé ta ló gbìn ín, kí ló dé tó fi gbìn ín… Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa fi ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí a ń lọ, ìyá fún wa ní orógbó mẹ́ta, wọ́n fi ìwé wé e. Èkejì mi ti jẹ ọ̀kan kí a tó dé ẹnubodè. Nírọ̀lẹ́ yìí, mo bu ilẹ̀ sínú ike ọ̀dà kan lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ri méjì tó kù sínú rẹ̀. Ìyàwó mi jáde síta.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé ibẹ̀ lẹ máa fi sí, níbi tí omi ọṣẹ ń ṣàn gbà?"

Mo gbé e lọ sábẹ́ fèrèsé. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tún gbé e kúrò níbẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun ti máa rí i láràárọ̀.