Ta Ni Yóò San Owó Oṣù Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn?

Nígbà tí Bàbá alága ní kí á kọ́ ilé ìkàwé sórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn yàrá àwọn ọdẹ, gbogbo ìpàdé onílé ló pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò pa á. Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi sì rí nǹkan.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dáwó, wọ́n kọ́ láíbìrì tuntun fún wa. Wọ́n gé rìbọ́nù, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n kọ orúkọ ara wọn sára ògiri. Kò sẹ́ni tó rántí owó oògùn ikán. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, gbogbo ìwé tó wà nísàlẹ̀ pẹpẹ ti tán. Ẹ ó fa ìwé yọ, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ ó bá lọ́wọ́, inú rẹ̀ ti di yẹpẹ.

Mo bá nawọ́. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò san owó oṣù ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn?"

Bàbá alága ní, "Màmá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ ná. Ọlọ́run á pèsè."

Mo wá sọ ìtàn Andrew Carnegie fún wọn, ọmọ Scotland tó fi iṣẹ́ irin di olówó ní Amẹ́ríkà. Ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 ni owó rẹ̀ kọ́. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní 1883 ní Dunfermline tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n kì í kàn kówó lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ ni yóò mú ilẹ̀ wá, wọn yóò sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún, àwọn yóò máa ná ìdámẹ́wàá iye tó fi kọ́ ilé náà lé e lórí. Pásítọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi bú sẹ́rìn-ín: "Ilé ìkàwé náà ń gba ìdámẹ́wàá?"

Ó ń gbà á, kò sì tó o lọ́dọ̀ tiwa. ₦6,000,000 ni bíríkìlà dá lé yàrá ńlá kan, òrùlé àti pẹpẹ. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦600,000, ìyẹn ₦50,000 lóṣù. Bẹ́ẹ̀, láti 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ni ₦70,000. A ò tíì dárúkọ iná o. A ò tíì dárúkọ ikán.

Ojúlé 112 la jẹ́. Tí kálukú bá fi ₦1,000 kún owó ọdẹ, ₦112,000 nìyẹn lóṣù, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni kò rántí owó trànsífọ́mà? Àwọn tí kò san ló kọ́kọ́ tanná. Mo ní ká ṣírò ìdá méjì nínú mẹ́ta: ó lé díẹ̀ ní ₦74,000. Ẹ yọ owó oṣù kúrò, kí ló kù?

Ẹnìkan ní ká ṣe lọ́ńṣì. Hà! Ọ̀gá kan á gba máìkì, á ní òun fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀, onílù á kì í dé orírun, tó bá di ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìkàwé ńlá tó wà l'Ábújà fún kọngílá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó dìbò ní 2025, wọ́n ṣì ń wá owó tí wọn yóò fi parí rẹ̀.

Àbá tèmi ni pé ká má tíì ra búlọ́ọ̀kù kankan. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo létí ọ̀nà, onílé rẹ̀ sì gbà ká lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fọ́dún kan. Ká máa ṣí i láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ká wò ó bóyá a lè dáwó fún oṣù méjìlá láìjà. Bàbá alága bínú díẹ̀. Mo fura pé wọ́n ti ń wo ibi tí orúkọ wọn máa wà lára ògiri.

A ṣí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé àkọsílẹ̀ owó wà lọ́wọ́ mi: orúkọ 31, àwọn 19 ló ti san toṣù yìí. Ti Bàbá alága kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, ọmọ ọmọ wọn obìnrin wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bàbá àgbà ní kóun wá béèrè bóyá a ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé.