Ọyẹ́, kájú àti ẹ́kísímà

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, ara gbogbo ènìyàn á funfun. Ẹni tí awọ rẹ̀ kò ní àrùn á fi òrí pa á, ó tán. Ọmọ tó ní ẹ́kísímà, àrùn awọ gbígbẹ tó ń yúnni, kò ní sùn ní tirẹ̀. Á máa họ ẹ̀yìn orúnkún àti inú ìgunpá títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bó bá di àárọ̀, omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni wọ́n á gbé kò ó, torí wọ́n gbà pé ìdọ̀tí ló ń yún un. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn. Awọ ẹlẹ́kísímà kò dọ̀tí, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Iṣẹ́ awọ ni pé kó di omi ara mú, kó sì lé eruku àti kòkòrò sẹ́yìn. Pròtéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní filaggrin tó ń bá a ṣe é, àwọn kan sì wà tí wọ́n bí tí filaggrin wọn kò pé. Awọ ẹlẹ́kísímà dà bí ògiri amọ̀ tí a kò rẹ́: ti inú ń jò jáde, ti ìta ń wọlé. Bí ọṣẹ àti eruku bá ti ráyè wọlé, ara á gbé ìjà dìde, ara yíyún á bẹ̀rẹ̀. Bí a bá họ ọ́, ọ̀nà á tún fẹ̀ sí i. Ẹ́kísímà máa ń rìn nínú ẹbí, àsímà sì sábà máa ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n kì í ràn. Ọmọ tó ní in lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn lórí ẹní kan, kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, pupa ni wọ́n ń ya ẹ́kísímà. Lára adúláwọ̀, ẹ má wá pupa kiri: ó lè dúdú ju ara tó kù lọ, ó lè dà bí àwọ̀ àlùkò tàbí eérú, ó lè yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tí wọ́n bá sì ti họ pẹ́ á nípọn. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe roboto, tí etí rẹ̀ ga, tí àárín rẹ̀ ń jinná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń họra lóru, láàárín ìka, ní ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí, ẹ fura sí kúrúnà. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ilé gbọ́dọ̀ lo òògùn rẹ̀, kí wọ́n sì fọ aṣọ àti aṣọ ìbora. Ewé àsùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn àgbà fi ń pa làpálàpá, ẹ má fi kan ẹ́kísímà. Á ta á ni.

Ìwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná, kó má sì ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ. Ẹ fi kànìnkànìn sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ilé wa: omi eérú tí wọ́n fi sè é ń ṣí ọ̀rá kúrò lára awọ. Abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà yẹ kó kàn. Ẹ fi aṣọ tẹ omi ara gbẹ, ẹ má nù ún ní nínù líle. Kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá, kí òrí ti dé ara, kó lè sé omi tó kù mọ́ inú awọ.

Òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe dára fún iṣẹ́ yìí, bó bá mọ́, tí kò kan, tí wọn kò da òórùn dídùn sí i. Ẹ yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi pa ara láti òkè wá sílẹ̀, bí irun ṣe tò. Vaselínì tí kò ní òórùn náà dára. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló kéré jù. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Ọmọ tó mú ní gbogbo ara lè lo gírámù 250 lọ́sẹ̀, àgbà sì lè lo 500. Bí ike kékeré kan bá ń pẹ́ oṣù méjì lọ́wọ́ yín, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra nídìí iná ààrò o, aṣọ tó ti mu ọ̀rá tètè ń gbiná.

Bó bá ru sókè, òrí nìkan kò ní ká a. Ìpara kọ́tísónù, òògùn tó ń pa ìjà inú awọ, ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń bà wá jù, torí èyí tó le jù nínú wọn ni wọ́n ń tà lọ́jà fún bíbó ara. Ẹ má wo orúkọ ńlá ara páálí. Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ ní kékeré sábẹ́ rẹ̀. Hydrocortisone 1% kò le, òun ló yẹ ojú, ọrùn àti ara ọmọdé. Clobétasol ló le jù. Bí ẹ bá ń fi pa ojú, awọ á fẹ́lẹ́, ojú á kún fún irorẹ́, ó sì lè ba ẹyinjú jẹ́. Àwọn ìpara mẹ́ta-nínú-ọ̀kan, tí wọ́n po kọ́tísónù mọ́ òògùn làpálàpá àti òògùn kòkòrò, ẹ jìnnà sí wọn àyàfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín: làpálàpá tó bá ti mu kọ́tísónù á tàn kálẹ̀, ìrísí rẹ̀ á yí padà, kò ní rọrùn láti dá mọ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń wọn ìpara kọ́tísónù rèé. Ẹ fún ìpara sórí ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àgbà, láti oríkèé àkọ́kọ́ dé ṣóńṣó. Bí ìdajì gírámù nìyẹn, ó tó ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì pẹ̀lú ìka wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, sórí ibi tó ń yún nìkan, títí ara ibẹ̀ á fi jọ̀lọ̀, èyí tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ó tó ogún ìṣẹ́jú láàárín òun àti òrí. Àwọn tí ẹ̀rù kọ́tísónù ń bà á fi díẹ̀ bíńtín pa á lọ́jọ́ méjì, wọ́n á dá a dúró, á tún padà dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lò ó títí ọdún á fi yí po. Kí ó tó, kí ó sì parí, ìyẹn ló dára jù.

Bí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni kájú ń dé, òun náà sì ní tirẹ̀. Epo inú èèpo kájú ń jóni lára, ó sì tún lè mú kí ara kórìíra rẹ̀ títí ayé. Ẹbí kan náà ni kájú àti máńgòrò, ìdí nìyí tí ẹnu ọmọ tó fi eyín bó máńgòrò fi lè sú yíká. Irú èyí kì í yọ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí epo ti kan ara ló ń dé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá ń pa kájú, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lórí ti òwú, kó pààrọ̀ rẹ̀ bí epo bá ti wọnú rẹ̀, torí ìbọ̀wọ́ tó sé epo mọ́ ọwọ́ burú ju ọwọ́ lásán lọ. Omi nìkan kò lè ṣí epo náà. Ẹ fi òróró ìdáná nù ún kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọ́. Ẹ má dúró síbi èéfín èèpo rẹ̀ tó ń jóná.

Làálì dúdú tí wọ́n ń lé fún ìyàwó náà ń kọ́? Ewé làálì gidi máa ń pọ́n ni. Èyí tó bá dúdú kíákíá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po aró irun mọ́ ọn, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ aró yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní lè pa irun láró mọ́.

Ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la wà. Bí egbò bá ń sun omi, tí èépá rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tàbí tó ń ṣọyún, ọmọ nílò òògùn kòkòrò. Bí ìléròrò kéékèèké tó jọra bá yọ lójijì, tí wọ́n bẹ́ di egbò roboto, tí ara sì gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àbàwọ́n funfun tó kù lẹ́yìn tí ẹ́kísímà bá lọ á padà sí àwọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, kò nílò ìpara kankan. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n tí kò yún rárá, tí ẹ fi òwú kàn án tí ẹni náà kò mọ̀ ọ́n lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ẹ̀tẹ̀; òògùn wà fún un, ọ̀fẹ́ sì ni.