Òṣìṣẹ́ Méjìlá, Ọjọ́ Mẹ́rìndínlógún

Ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì kejì ilé-ìwé girama, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ìṣirò ìpín, èyí tí wọ́n ń pè ní réṣíò, kò yé òun dáadáa. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé nínú gbogbo ìṣirò tí mo kọ́ ní ilé-ìwé, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò tíì sá kúrò lórí mi, òun náà sì ni ìsọdipúpọ̀ alágbèélébùú: gbé ìdá méjì kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fi òkè ọ̀kan sọ ìsàlẹ̀ ìkejì di púpọ̀, kí o sì fi nọ́ńbà tí ó kù pín in.

Ìbéèrè kìíní ni ó kó bá mi. Ọkọ̀ kan rin kìlómítà 150 láàárín wákàtí 2. Bí eré rẹ̀ kò bá yí padà, kìlómítà mélòó ni yóò rìn láàárín wákàtí 5? Mo fi 5 sọ 150 di púpọ̀, mo fi 2 pín in, mo rí 375. Ó tọ́. Ká ní mo ti kùnà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo sì ti sọ fún ọmọ náà pé kò sí ìṣirò ìpín tí ó lè le mọ́ èmi lọ́wọ́.

Ìkejì ní kí a rò ó pé òṣìṣẹ́ 6 kùn ilé kan ní ọ̀dà tán ní ọjọ́ 8. Bí wọ́n bá di 12, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò lò? Mo fi 12 sọ 8 di púpọ̀, ó di 96, mo fi 6 pín in, ó di 16.

“Bàbá mi, ẹ má bínú o,” ni ọmọ náà wí. “Àwọn mẹ́fà tí wọ́n wá kún wọn yìí, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe, àbí wọ́n wá ń ha ọ̀dà tí àwọn tòótọ́ ti kùn kúrò ni?”

Mo fi ohùn àgbà ṣàlàyé fún un pé bí èèyàn bá ti pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ a máa pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. (N kò mọ ibi tí mo ti rí àlàyé yẹn, ṣùgbọ́n ó dùn létí èmi fúnra mi.) Kò bá mi jiyàn. Ó kàn fi ìlànà mi ṣe ìṣirò fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ó rí ọjọ́ kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ó wá béèrè ìdí tí wọn kò fi lé àwọn márùn-ún yòókù lọ sílé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí a máa lọ sí ìkẹta.

Wọ́n ní kí a pín pẹ́ńsù 45 fún àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ní ìpín 2:3. Mo rí 2, mo rí 3, mo sì mú ìdá méjì nínú mẹ́ta 45, èyí tí ó jẹ́ 30, fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n kó 15 yòókù. Ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àbúrò, wo èsì náà títí, ó ní ìpín yẹn tẹ́ òun lọ́rùn o, ṣùgbọ́n òun rò pé ẹni tí ó ni 3 ni ó yẹ kí tirẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní kí ó kọ ohun tí mo wí sílẹ̀. Àgbà wà lọ́jà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, orí ọmọ náà sì wọ́ síbẹ̀.

Ìwé náà padà wálé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú yíǹkì pupa. Olùkọ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.” Ọmọ náà ti ṣe àtúnṣe ní tirẹ̀: iṣẹ́ ilé kíkùn yẹn jẹ́ 6 lọ́nà 8, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ 48 fún ẹnì kan, bí àwọn 12 bá pín in ṣe, ọjọ́ 4 péré ni. Ní ti pẹ́ńsù, 2 àti 3 jẹ́ ìpín 5, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9, nítorí náà àbúrò gba 18, ẹ̀gbọ́n gba 27.

“Bàbá mi,” ni ó wí, “ọ̀kan ni ẹ gbà, méjì ni ẹ kùnà, 1:2 nìyẹn. Bí mo bá gbé ìbéèrè 12 wá bá yín, mélòó ni ẹ máa kùnà?”

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ìsọdipúpọ̀ alágbèélébùú ṣe é. Mẹ́jọ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tọ́.