Ìdánwò tó ń kùnà lóru

Ọjọ́bọ̀. A ti rí ìdí rẹ̀ o! Ìdánwò kan tí a fi ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wa wò, tó máa ń kùnà lóru, tí ilẹ̀ á mọ́ tí á sì yege, a mọ ohun tó ń ṣe é báyìí.

Continuous integration la fi ń ṣiṣẹ́: ojoojúmọ́ ni kálukú ń da kóòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tó kọ fún kọ̀ǹpútà láti ṣe, pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, Jenkins, ètò tó ń bá wa ṣe é, á kọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á sì ṣe àwọn ìdánwò. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àmì á pọ́n. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru nínú wa ni pupa yìí ń bá. Wọn á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, á yege láàárọ̀." Á sì yege lóòótọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọjọ́ tí a bá ti gbà pé pupa kan wà tí kò jẹ́ nǹkan, ó ti tán, kò sí pupa tí a kò ní fojú fò mọ́. Torí kí ó lè tètè rí ìbàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Kohsuke Kawaguchi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Jenkins yìí ní iléeṣẹ́ Sun Microsystems lọ́dún 2004. Hudson ló ń jẹ́ nígbà náà. Ọdún 2011 ló di Jenkins.

Àbúrò kan nínú wa ló jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn ìkùnà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sáàárín aago méjìlá òru sí aago kan." Ojú mi là! UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ni aago sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò wa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; aago Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Bí Ẹtì bá ti wọlé l'Ékòó, Ọjọ́bọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ sáfà. Déètì Èkó ni ìdánwò ń retí lórí rìsíìtì tí ètò wa ń fún oníbàárà, ti sáfà ni kóòdù ń kọ. Kóòdù ló ṣì í. Oníbàárà tó bá sanwó lákòókò yẹn, déètì àná ló ń gbà. Ajá ń gbó lóru, à ń ní kó dákẹ́, àṣé olè wà lẹ́yìnkùlé.

Àbúrò náà ti tún kóòdù ṣe. Ó tún fi ìdánwò kan kún un tó ń dá aago dúró sí 12:20 òru, kó lè máa wò ó lọ́sàn-án pẹ̀lú. Lọ́la, àwọn rìsíìtì tó ti jáde ló kàn, ká wá àwọn tí déètì wọn kò tọ́, ká sì kọ̀wé sí àwọn tó ni wọ́n.