Gáàsì tán lórí ẹ̀wà

Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, 2025. Ṣáṣá, Ìbàdàn.

Òjò ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ó ń lu páànù kíkankíkan, iná ò sí, yàrá ṣókùnkùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo kọjú sí ògiri, Kékeré náà jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ nílẹ̀ ó kọjú sí fóònù. Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ń yan odì. Àwa méjì nínú yàrá kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé tí ẹnìkan bá na ẹsẹ̀ á kan ti ẹnìkejì, a ò kí ara wa káàárọ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí kí n tó sùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti gbé mi nínú fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì fẹ́ gbàgbé bó ṣe rí lára mi.

Kékeré kọ́ ni orúkọ ẹ̀ o. Àtìgbà tá a ti wà ní kámpù àwọn kópà ní Ìṣẹ́yìn lọ́dún 2023 ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kò ga rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fún ní bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi wà nísàlẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gun òkè ló máa ń fi èjìká mi ṣe àkàsọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni kámpù, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá ti jọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ wá omi nínú òkùnkùn kí fèrè tó dún, tẹ́ ẹ jọ dáwó jẹun ní máàmì, ọjà inú kámpù, ọ̀rẹ́ ẹ nìyẹn, kò tún sí àlàyé kankan mọ́.

Ìlú Ìbàdàn níbí ni wọ́n pín àwa méjèèjì sí. 33,000 náírà lóṣù ni wọ́n ń san fún wa nígbà náà, ká tó mọ ohun tá a máa fi ṣe, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, owó ọkọ̀ gbéra, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí dòní. Àbúrò mi tó ń sìnlú lọ́wọ́ báyìí ti ń gba 77,000, oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án fún wọn, inú mi dùn fún un gan-an. Àwa mọ bá a ṣe ṣe é pẹ̀lú 33,000. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Agbowó láì wọ Micra, tí mo máa ń sọ fún ara mi pé eré ìdárayá ni.

Nígbà tí mo parí ìsìnlú lọ́dún 2024, màámi ní kí n máa bọ̀ nílé, n'Íjẹ̀bú Òde. Mo ní mi ò bọ̀, mo ti ríṣẹ́ tíṣà, mo sì ti ní ilé méjì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Màámi dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní "Ibo lo máa wá máa gbé?" Mi ò níbi tí mo máa gbé. Ọ̀rẹ́ kan l'Ágbowó ló gbà mí sílé, oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Oṣù mẹ́wàá yẹn, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí o, Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ ẹlòmíì rí á mọ ohun tí mò ń wí. Mo máa ń fọ abọ́ tí mi ò fi jẹun. Tí mo bá ti ń sún mọ́ ilé, màá kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ pé oúnjẹ ò tó, màá dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí mo bá dé màá ní mo ti jẹun. Wọn ò ní kí n ṣe é, èmi ni mò ń fi ṣe owó ilé.

Àjọ ló yọ mí. Ìyá alájọ kan wà tó máa ń gba iwájú ilé kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì àti báírò, 1,000 lójúmọ́ ni mo ń dá, tóṣù bá parí á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, á gbé 29,000 lé mi lọ́wọ́. Mi ò gbà á. Mo ní kó máa bá mi tọ́jú ẹ̀ títí oṣù mẹ́wàá á fi pé. 290,000. Ọjọ́ tó kà á fún mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó ní "ọmọ mi, rọra o, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lọ́wọ́ ẹ."

Ilé wíwá tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ilé àkọ́kọ́ tí éjẹ́ǹtì mú mi dé, lánlọ́ọ̀dù ò bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò bi mí bóyá mo lówó, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "ọkọ yín ńkọ́?" Mo ní mi ò tíì lọ́kọ, sà. Ó ní òun kì í gba omidan sílé òun. Owó mi wà nínú báàgì, owó tí mo fẹsẹ̀ rìn fún, tí mo febi sùn fún, kò sì wúlò kankan níwájú bàbá yẹn torí pé mi ò ní orúkọ ọkùnrin kan tí mo lè dá. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ilé kẹta ni wọ́n ti gbà, wọ́n ní kí n sáà mú ẹbí wá tọwọ́ bọ̀wé, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Mókọ́lá ló wá bá mi ṣe é. 220,000 fún ọdún kan, àgírímẹ́ǹtì 22,000, kọmíṣọ́ọ̀nù 22,000, owó pé-mi-ò-ní-ba-nǹkan-jẹ́ 20,000. Ó ku 6,000 lọ́wọ́ mi. Mo fi ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbálẹ̀ àti àgádágodo tuntun.

Alẹ́ àkọ́kọ́, inú oṣù kejì ọdún yìí, orí ẹní ni mo sùn. Mo tilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo tún tì í. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Kékeré pè mí, ó ń sunkún, ó ní òun àti àǹtí òun ò lè gbé pọ̀ mọ́, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òun fẹ́ wá lò lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó máa bọ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ní kó má wá, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹlòmíì? Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́ta, mi ò bi í, kò sọ. Mo ń ra gáàsì, mo ń ra yúníìtì iná, mo ń san owó ilẹ̀ gbígbá àti owó omi. Nínú ọkàn mi, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Tọ́sìdeè, June 12. Họlidé ni, iléèwé ò sí, mo ní lónìí màá se ẹ̀wà tó jinná dáadáa. Mo gbé e kaná ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ẹ̀wà ti ń hó, ó ti ń gbá, ó ku díẹ̀ kó rọ̀, mo wò ó báyìí, iná tó ń jó búlúù ti di pupa, ó rọra ń kéré, ó ṣe fùù, ó kú. Mo gbé sílíńdà mì, ó fúyẹ́ bíi agolo òfìfo. 700 náírà ló wà ní àkáǹtì mi, owó oṣù ò tíì wọlé. Àsìkò tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń yẹ sílíńdà wò ni Kékeré wọlé, ó gbé láílọ́ọ̀nù kan dání, bàtà tuntun ló wà níbẹ̀. Ó ní "ṣé gáàsì ti tán ni?" Ó bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo po gààrí, mo mu ún níta. Ẹ̀wà yẹn kan, a dà á nù lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Àná tí màámi pè, ó ní ohùn mi ò dùn, mo ní kò sí nǹkan kan mà. Ó ní kí n má tan òun, "ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Mo rò ó títí mo fi sùn. Mi ò lè purọ́, ohun tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù bí mo ṣe ń dákẹ́ yẹn, pé mò ń gba ìyà mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìfaradà, gbèsè ni mò ń kà sí ọmọlọ́mọ lọ́rùn láìjẹ́ kó mọ̀ pé ó ń jẹ.

Nígbà tí òjò yẹn wá ń rọ̀ láàárọ̀ yìí, tí kò sẹ́ni tó lè jáde sá fún ẹnìkejì, mo yíjú kúrò lára ògiri. Mo ní "Kékeré, ọ̀rọ̀ gáàsì ń dùn mí." Bó ṣe jáde nìyẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀: iná, omi, oṣù mẹ́ta ààbọ̀, bàtà. Ohùn mi ń gbọ̀n. Àyà mi ń já pé á ní mò ń lé òun.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó na ọwọ́ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, ó fa bàtà kan jáde, èyí tó ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí, ó yí i padà fún mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti ya kúrò lára òkè, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ léraléra títí gọ́ọ̀mù yẹn fi le bíi òkúta. Ó ní òkìrìkà ni tuntun yẹn, 3,500. Ó ní òun náà ń dá àjọ láti oṣù kẹta, òun fẹ́ kó pé kí òun tó sọ, torí nílé àǹtí òun, gbogbo nǹkan tí òun bá ti sọ pé òun fẹ́ ṣe ni wọ́n máa fi ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó wá ní, "Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo fún ẹ ní 2,000 pé kó o fi ra gáàsì, o ní kí n gbé e padà, o ní ṣé àlejò ni mí ni. Mo rò pé tí mo bá tún mú owó jáde, ó máa bí ẹ nínú."

Òótọ́ ni. Mo ní kó gbé e padà. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Mo gbé ọwọ́ lé orí, ọwọ́ mi kan irun. Ṣùkú tó wà lórí mi yẹn, Kékeré ló dì í fún mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ ló sì di gbogbo irun tó ti wà lórí mi láti oṣù kejì, irun dídì yìí náà niṣẹ́ tó ń ṣe jẹun, àwọn èèyàn ń san owó gidi fún un. Gbogbo ìwé tí mò ń kọ nínú ọkàn mi, mi ò kọ irun sí i. Mi ò kọ omi tó ń pọn kí n tó jí sí i. Mo sunkún, òun náà sunkún, òjò ṣì ń rọ̀.

Kò parí síbẹ̀ ṣá, torí ẹkún ò ra gáàsì. A jókòó, a sọ ọ́ bí àgbàlagbà. Àjọ tiẹ̀ máa pé nínú oṣù kẹjọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá nígbà náà, mo ní màá bá a rojọ́ fún àbúrò bàbá mi tí lánlọ́ọ̀dù bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ. Gáàsì àti yúníìtì, a ó máa pín in sí méjì. Irun mi, màá máa san owó ẹ̀, ó kọ̀, mo ní kó má kọ̀, a fà á títí, a fi àdéhùn sí ìdajì.

Nígbà tí òjò dá, a jọ gbé sílíńdà 3kg wa lọ. Bàbá onígáàsì gbé e sórí ìwọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀ pé bó ṣe wúwo tó nìyẹn tó bá ṣófo, mo wo ti ìwọ̀n, wọ́n bára mu, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Kékeré ní ta ló kọ́ mi, mo ní màámi ni. 1,200 ni kílò kan, 3,600 lápapọ̀. Kékeré yá mi 1,100 lórí 1,800 tèmi títí owó oṣù á fi wọlé. Nígbà tá a délé, ó po ọṣẹ sínú ife, ó fi ìfófò ẹ̀ ra ẹnu rẹgulétọ̀, a jọ tẹjú mọ́ ọn bóyá ó máa hó. Kò hó. A tanná, ó jó búlúù.

Ẹ̀wà ló tún kọ́kọ́ gbé kaná. Ó mú ṣọ́ọ̀kì iléèwé mi nínú báàgì, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Gáàsì, 14/6. Èmi 1,800. Ìwọ 700, o jẹ mí 1,100."

Màámi pè nígbà tá à ń jẹun. Ó ní ohùn mi ti dára. Ó ní kí n gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ mi kí òun kí i, Kékeré kúnlẹ̀ sórí mátírẹ́ẹ̀sì bí ẹni pé màámi ń rí i, "ẹ kú alẹ́ mà, a wà dáadáa mà, ẹ̀wà là ń jẹ mà, bẹ́ẹ̀ ni mà, ó jinná."